Jíìpù Tí Kò Lè Sọ̀kalẹ̀ Mọ́ Láti Òkè Ọ̀kà

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń retí àtirà á, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀.

1.
Olúyọmí parọ́ mọ́ àbúrò rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo ẹbí pé bí Ìbíyínká ṣe wa ọkọ̀ ní ìwàkuwà ló pa ìyá wọn. Wọ́n gbà á gbọ́, nítorí òun ni àkọ́bí, òun sì ni ọkùnrin. Wọ́n ní Ìbíyínká kò gbọdọ̀ bá wọn jókòó nídìí òkú ìyá tó bí i.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

2.
Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ra jíìpù náà, irú àwọn ńlá tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta. Nítorí ìyá wọn ni wọ́n ṣe rà á. Orí òkè ní Ọ̀kà ni màmá ń gbé, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí àpáta sì yọrí láàrin rẹ̀. Ìbíyínká, tó jẹ́ tíṣà, ń gbé lọ́dọ̀ màmá. Òun ló ń fi ọkọ̀ náà gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, Olúyọmí, tó ń ta símẹ́ńtì ní Ìkàrẹ́, á wá gbé ọkọ̀ náà lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀gá Yọmí, jíìpù yín mà ga o! Ó dà bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè tó fẹ́ sọdá odò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Olúyọmí náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn ún dé egungun. Ló bá gba ọ̀dọ̀ Godwin lọ, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Oríṣi sípírìn kúkurú méjì, irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró lórí táyà, ni Godwin gbé jáde. Àkọ́kọ́ yóò rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Èkejì yóò mú un balẹ̀ débi pé táyà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ara ọkọ̀.

"Ọ̀gá, níbo lọkọ̀ yìí ń sùn?" Godwin bi í. "Tó bá jẹ́ ọ̀nà olókùúta ni, tàbí ẹ máa ń kó èrò kún un, ẹ má mú èkejì yìí o."

Olúyọmí tún wo èkejì. Ó wù ú. Ó mọ̀ pé tí òun bá dárúkọ òkè Ọ̀kà, Godwin kò ní gbà.

"Ìkàrẹ́ níbí ló ń sùn," ló wí. "Orí títì ọlọ́dà. Èmi nìkan ni mò ń wà á."

3.
Godwin bá de èkejì mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Olúyọmí gbé ọkọ̀ náà padà wálé sí Ọ̀kà. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó rọra yí àpáta yẹn ká.

"Bọ̀dá mi, kí ló ṣe jíìpù?" Ìbíyínká figbe ta.

"Ó rẹwà, àbí? Màámi, ẹ wá wọlé, ẹ wò ó."

Màmá jókòó sínú ọkọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í lẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Yọmí ọmọ mi, o ṣeun! Orúnkún mi náà ń kí ẹ."

"Bọ̀dá mi, tí èèyàn bá kún inú rẹ̀ ńkọ́? Àpáta ọ̀nà yẹn..."

"Ta ló kọ́ ẹ ní ọkọ̀ wíwà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Pa ẹnu mọ́, jàre."

Ìbíyínká wo ojú màmá, ó rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Ó pa ẹnu mọ́ lóòótọ́.

4.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnu màmá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sì rọ jọwọrọ. Hanifah aládùúgbò wọn àti àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé e wọnú ọkọ̀, wọ́n sì jókòó tì í kí wọ́n lè dì í mú. Ìbíyínká rọra ń wà á lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi àpáta, wọ́n gbọ́ gbàgà! Ikùn ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sórí òkúta. Táyà ń yí lórí asán, ọ́ìlì dúdú sì ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé e, kò mira. Ọlọ́kadà dúró, àmọ́ màmá kò lè jókòó. Ẹ̀yìn ni ọkùnrin kan fi pọ̀n ọ́n dé títì, tí wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá.

"Màmá, ẹ má sùn o," Hanifah ń wí. "Ẹ dá mi lóhùn."

Màmá ń wo Ìbíyínká. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ọ̀rọ̀ kan kò jáde.

"Ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé wọn dé," ni dókítà sọ nígbà tí ọkọ̀ kan gbé wọn dé ilé ìwòsàn níkẹyìn. Màmá kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Olúyọmí sáré dé. Ó rí àwọn ẹbí tí wọ́n ń sunkún, ẹ̀rù sì bà á. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Ìbí, eré lo sá! Mo ti kìlọ̀ fún ẹ!"

5.
Godwin ló wá bá wọn kẹ́dùn, tó sì sọ fún Ìbíyínká ohun tí Olúyọmí sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbíyínká lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣáà sọ òtítọ́ fún wọn. Mi ò bèèrè nǹkan mìíràn."

Olúyọmí bú sẹ́kún. "Wọ́n á ní èmi ni mo pa Màámi. Ìbí, jọ̀ọ́, bá mi rù ú. Obìnrin ni ẹ́. Tó o bá lọ sílé ọkọ, wọ́n á gbàgbé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra! Kí ẹ tó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ro ọ̀nà tó ń gbà wálé àti àwọn tó ń gbé. Ohun tí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn jọ ní, ẹ má dá nìkan pinnu lórí rẹ̀. Tí aburú bá sì ti ọwọ́ yín wá, ẹ má gbé e ka orí ẹni tí ẹ mọ̀ pé wọn kò ní gbọ́ tẹnu rẹ̀. Olúyọmí kò rí ìyá mọ́, kò sì rí ojú tó lè fi wo àbúrò rẹ̀.

Ní ti Ìbíyínká, nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la, ó wé gèlè dúdú, ó jáde. Ilé Bàbá Abọ́dẹrìn, olórí ẹbí, ló kọ́kọ́ yà sí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Bọ̀dá mi ló rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Èmi náà rí i, mo sì dákẹ́. Èmi ni mo wà á lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò sáré. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀."

Ìbíyínká dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn ilé ẹbí kejì kó lè sọ ọ́ níbẹ̀ náà.