Ìkíni Arúgbó Etí Omi

Ìyá wa ṣì wà láyé nígbà náà, Ibídùn àbúrò mi náà sì wà. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, èmi àti Ibídùn ń kúrò nínú ọgbà tó yí ìsun omi gbígbóná ìlú wa ká. Ẹyẹ kankan ò ké mọ́. Arúgbó kan jókòó, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n.

"Ó dàárọ̀ o, Màmá," ni mo wí.

"Ó dàárọ̀, Morádéyọ̀."

Ta ló sọ orúkọ mi fún un?

Ibídùn náà kí i pé ó dàárọ̀.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín sí i. "Káàbọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́! Mò ń lọ, wọ́n ń kí mi káàbọ̀!" Ibídùn rẹ́rìn-ín délé.

Ilẹ̀ mọ́, Ibídùn ò jí. Ara rẹ̀ ti tutù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gbóná, omi sì ń kán níbẹ̀.