Orin tí Lovie Crenshaw Fẹ́ Fojú Rí

Ibà kan ló mú etí Lovie Crenshaw lọ nígbà tí Ozella, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ náà ní ohùn orin. Nígbà tó fi máa di ọdún 1941, ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Ozella ti ń kọ jáàsì àti búlúùsì níwájú ẹgbẹ́ olórin Clyde Pettway, tí rédíò ń gbé ohùn rẹ̀ ká gbogbo Chicago. Ìyá rẹ̀ kò tíì rí i kó kọrin rí. Àwọn ilé ijó ńlá àárín ìlú, òyìnbó nìkan ló ń gba iwájú wọn wọlé. Ozella fúnra rẹ̀, ilé ìdáná ló ń gbà. Èyí tó sì wà ládùúgbò àwọn èèyàn dúdú, wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀. Ìyá ìjọ ni Lovie, kò ní í fẹsẹ̀ kan ilé ọtí.

"Gbogbo àdúgbò ló ń kí mi kú oríire ọmọ," ni Lovie máa ń wí. "Èmi ò rí nǹkan kan, àfi bó o ṣe ń sanra."

Ozella á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn ún dé eegun.

Nítorí náà, nígbà tí Clyde sọ pé wọ́n fẹ́ ya àwọn sínú fíìmù kékeré, irú èyí tí èèyàn ń sọ owó sínú ẹ̀rọ kó tó wò ó, ohun tí Ozella kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí ẹ̀rọ náà máa wà.

"Purvis ẹlẹ́ran sísun ti gbé ọ̀kan wá," ni Clyde fèsì.

Purvis kì í ta ọtí. Ozella jókòó, ó sunkún ayọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́rú ni ti àwòrán: ẹ̀rọ á máa gbé ohùn náà jáde, òun á sì máa la ẹnu tẹ̀ lé e. Ó bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nadine, òpẹ́lẹ́ńgẹ́, apọ́nbéporẹ́. Ọ̀gá àwọn ayàwòrán ní ọmọ náà ló máa dúró sípò Ozella nígbà tí wọ́n bá ń to iná, kó má baà rẹ olórin.

"Àǹtí Ozella, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ń mí nínú ẹsẹ̀ kejì?" ni Nadine bi í.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ìwọ tó o kàn fẹ́ dúró gba iná?"

"Wọ́n ní kó jọ tiyín ni, mà."

"Ó dáa, wo ẹnu mi. Má mí títí o fi máa dárúkọ ọkùnrin inú orin yẹn tán. Obìnrin tí ọkọ já sílẹ̀ kì í tètè mí."

Nadine ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, Ozella pàtẹ́wọ́ fún un.

Wọ́n ya Ozella lẹ́ẹ̀kan péré. "Ó ti tó," ni ọ̀gá wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Bí Ozella ṣe ń pààrọ̀ bàtà, ó rí ayàwòrán tó ń ki fíìmù bọ inú ẹ̀rọ, ó sì rí Nadine tó tún ti dúró sínú iná. Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó fi búrẹ́dì ẹlẹ́ja rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, tí ìsìn ọjọ́ Àìkú parí, ìyá ìjọ mẹ́jọ ló tẹ̀ lé Lovie lọ sọ́dọ̀ Purvis. Lovie dé fìlà ọdún Àjíǹde rẹ̀. Ozella dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Ẹ yàgò níwájú mi jàre!" ni Lovie pariwo. "Ojú lèmi fi ń gbọ́ o!"

Purvis sọ dáìmù sínú ẹ̀rọ. Fèrè dún, ohùn Ozella sì gba gbogbo ilé kan. Àwọn ìyá ìjọ hó yèè, lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n ń wo Ozella. Lovie nìkan ló tẹjú mọ́ gíláàsì ẹ̀rọ náà títí orin fi tán.

Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní, "Ọmọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe o, ìwọ ńkọ́, ìgbà wo ló máa kàn ẹ́?"