Èémí Kejì ní Ilé Màmá Orsola

Ìbídùn tú ìdérí ẹ̀rọ akànìyàn tó wà lára ògiri ilé Màmá Orsola, ó ní òun wá tún un ṣe. Èémí ni ẹ̀rọ náà fi ń ka ará ìlú, méjì ló sì ń kà nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n èémí kejì ń yára jù, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí Baba Ettore, ọkọ Màmá, láti ìgbà tí yìnyín ti bo òkè.

"Màmá, Baba ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

"Lọ́sàn-án gangan?"

"Ṣé oorun tìẹ ló ń sùn ni?"

Ara fu Ìbídùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó wọ kóòtù Baba Ettore.

"Ọkọ mi ti kó lọ bá ọmọ wa ní ìlú ńlá," ni Màmá Orsola wí. "Bí èèyàn ìlú Valdorsa yìí bá dín ní ọgọ́rùn-ún, ìjọba á ti ilé-ìwé pa. Níbo ni ọmọ rẹ á ti kàwé?"

Ìbídùn padà sídìí ẹ̀rọ. Ó rọra yí nọ́ọ̀tì kékeré kan títí èémí kejì fi falẹ̀ bíi ti arúgbó. Iná ara ògiri tàn: ọgọ́rùn-ún ṣì pé.

"Baba ní kí n fi èyí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ni Màmá Orsola wí, ó sì gbé ife wàrà ewúrẹ́ gbígbóná lé e lọ́wọ́.