Ọkọ̀ Tó Ń Lọ sí Pemba

Òòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí Faki rí ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun kan látinú ọkọ̀ ìgbòkun rẹ̀. Ó ń bọ̀ tààrà, àsíá Kenya àti ti Tanzania jọ ń fẹ́ lórí rẹ̀.

"Má sá o," ó sọ fún Makame, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń tukọ̀. "Tá a bá sá, wọ́n á yìnbọn."

"Tí wọ́n bá wá dá wa padà ńkọ́?"

 Faki fi etí aṣọ lé eṣinṣin kúrò lójú Mwanakheri, ìyàwó rẹ̀, tó wà lórí ẹní nílẹ̀ ọkọ̀. Kí wọ́n ṣáà gbé e dé Pemba, erékùṣù ìyá rẹ̀ ní Tanzania, kí òòrùn tó wọ̀.

"Ẹ káwọ́ sókè!"

Ọ̀gá Mwadime, ará Kenya, na ìbọn sí wọn.  Láàárọ̀ ni ìròyìn ti wá láti Mozambique, ó gba Dar es Salaam dé Mombasa: àwọn agbésùnmọ̀mí ti gbé bọ́ǹbù sínú ọkọ̀ ìgbòkun kan. Wọ́n ní ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀, àti obìnrin kan tó ń díbọ́n àìsàn.

"Kí ló ṣe obìnrin yẹn?"

"Ibà ni, ọ̀gá."

"Ẹ wá kẹ̀yìn sí ilé ìwòsàn? Ẹ̀yìn yín ní Mombasa ló wà!"

"Ó ní ká gbé òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ni."

"Irọ́! Ní kó dìde jókòó."

"Kò lè dìde. Ẹ jọ̀ọ́."

Makame bú sẹ́kún.

"Wo géńdé ọkùnrin!" ọmọ ogun kan kígbe. "Àbí bọ́ǹbù yẹn ti fẹ́ bú gbàmù ni?"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbé e kúrò lórí ẹní," Mwadime ní.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Faki pariwo. Gbogbo ìbọn dojú kọ ọ́.

"Ẹ rọra, ọ̀gá," ni Sájẹ́ǹtì Ussi wí, ọmọ Pemba tó ń bá Tanzania ṣiṣẹ́. "Ẹ jẹ́ kí èmi lọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ìgbòkun náà. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹní, ó wá a látorí désẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọrùn ọwọ́ obìnrin náà mú. Ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Ó wo Faki. 

"Kò sí nǹkan níbí," Ussi kígbe sókè. "Ibà ni lóòótọ́. Ara rẹ̀ gbóná janjan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè máa lọ."

Mwadime sọ ìbọn kalẹ̀, ó nu òógùn ojú. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀rù ló bà wá. Ọlọ́run á wò ó sàn."

"Àmín," Faki dáhùn, ó sì ta ìgbòkun.

Nígbà tí wọ́n ti jìnnà, Mwadime bi Ussi pé ṣé ibà náà le tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ti tutù, ọ̀gá," Ussi wí. "Ká ní mo sọ ọ́ ni, yàrá òkú ní Mombasa lẹ máa gbé e lọ títí ìwé gbígbé òkú kọjá ààlà á fi jáde, ta ló máa wá bá ọkọ rẹ̀ sin ín lónìí, bí àwa Mùsùlùmí ṣe ń ṣe?"