Ẹkún Ayọ̀

"Ẹ gbé kéèkì yẹn sókè díẹ̀, Mọ́mì. Ẹ rẹ́rìn-ín."

Alásè náà gbé e sókè. Ó fúyẹ́ jù. Fóòmù ni, súgà ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ lára.

Ọdún mọ́kànlá ló fi dáná níléèwé kan l'Árámọ̀kọ, kò sì wá iṣẹ́ kiri. Fídíò òtẹ́ẹ̀lì Ìkògòsì yìí ló rí lórí fóònù: obìnrin kan wọ épírọ́ọ̀nù funfun, ó gbé kéèkì dání, ó ń sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọṣẹ́. Ó pè wọ́n. Wọ́n ní kó máa bọ̀. Ló bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, iléèwé sì ti gba ẹlòmíì sípò rẹ̀.

"Ó ti tó." Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, sọ fóònù tó fi ń ká fídíò kalẹ̀. Ó gba kéèkì, ó tú épírọ́ọ̀nù lọ́rùn alásè. "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Bí àyè bá ṣí, a ó pè yín."

"Àyè wo? Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bọ̀ o!"

"A ò nílò alásè báyìí. A kàn ń ṣe fídíò káwọn tó mọṣẹ́ lè máa fojú sọ́nà fún wa ni."

"Mo ti fiṣẹ́ mi sílẹ̀!"

"Gbogbo wọn ló máa ń fi í sílẹ̀."

Omi bọ́ lójú alásè.

Kíá, ọ̀gá ti so épírọ́ọ̀nù padà mọ́ ọn lọ́rùn, ó gbé kéèkì lé e lọ́wọ́, ó gbá fóònù mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ má nù ún."