Ẹni Tó Ní Kí Sáádátù Pe Orúkọ Òun

Gbì! Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù irin já bọ́ láti ojú sánmà sí àgbàlá Sáádátù, nílùú Ìlọrin.

Ọdún kẹta tí òyìnbó gbàlú ni.

Sáádátù, ẹni ogójì ọdún, di oyún àkọ́bí rẹ̀ mú, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ má sá. Ọgbọ̀n ọdún tó ń bọ̀ ni mo ti wá. N ò lè yí kádàrá padà. Ẹ ṣáà pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan: Abdulmumini."

"Háà! Orúkọ baba ọkọ mi! Ìyàwó ilé wo ló ń pè é?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Àsìkò mi ti ń tán."

"Lọ bá ìyá ẹ, kó pè ọ́!"

Ọkùnrin náà wò ó títí, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó pòórá.

Kò pẹ́, ìrọbí mú Sáádátù.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n fi orúkọ baba ọkọ rẹ̀ sọ ọmọ náà. Wàrà màlúù ni wọ́n ń fún un mu, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni wọ́n sin ìyá rẹ̀.