Ta Ló Da Iyọ̀ Sínú Ẹja Graciete?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ fi í sílẹ̀. Òpin rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní Évora, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Pọtogí tí odi yí ká, Graciete ní ilé oúnjẹ kan tó mọ́ tónítóní. Àmọ́ bí àlejò bá ti wọ ẹnubodè, tó bi Bàbá Zeferino tó máa ń jókòó síbẹ̀ pé, "Bàbá, níbo la ti lè rí ojúlówó oúnjẹ ilẹ̀ yín jẹ?" ibì kan náà ni ìka bàbá máa ń nà sí: "Ọ̀dọ̀ Deolinda."

Deolinda náà ní ilé oúnjẹ tirẹ̀; ògiri kan ló la òun àti Graciete láàárín, ẹ̀yìnkùlé kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bí ẹ̀rín oníbàárà bá ti sọ lọ́dọ̀ Deolinda, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi ata ra Graciete lójú.

"Kí ló ń sè tí èmi ò sè?" ló ń bi Adérito ọkọ rẹ̀.

"Lọ bá bàbá náà sọ̀rọ̀, dípò kó o máa lẹ̀ mọ́ fèrèsé bí aṣọ."

Ó lọ lóòótọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ní Sọ́ńdè, èmi àti ẹbí mi ń bọ̀ wá jẹ bakalau lọ́dọ̀ ẹ. Tó bá dùn, ìwọ náà ni màá máa tọ́ka sí."

Ó yẹ kí ìyẹn tó o, àbí? Kò tó o.

Bakalau, ẹja oníyọ̀ gbígbẹ ni. Inú omi ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, tí wọ́n á máa pààrọ̀ omi náà títí iyọ̀ á fi jáde. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Deolinda ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Graciete yọ́ dé abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ níbi tí obìnrin náà máa ń gbé abọ́ ẹja rẹ̀ sí. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí abọ́ ẹja tòun fúnra rẹ̀ máa ń wà. Ó da iyọ̀ sí i, ó tún da sí i, ó fọwọ́ rò ó pọ̀.

"Ká wo ẹni tí wọ́n máa tọ́ka sí lónìí."

Nígbà tó yá, Adérito gbé ẹja wọlé. Kò sí alásè tí kì í fa díẹ̀ ya nínú ẹja yẹn ní tútù, kó tọ́ ọ wò kó tó sè é. Graciete náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú fèrèsé lọkàn rẹ̀ wà, ó ń retí kí oníbàárà Deolinda máa tutọ́. Ó kàn da òróró ólífì lé ẹja lórí, ó tì í sínú ààrò.

Ìtutọ́ dún lóòótọ́. Inú ilé tirẹ̀ ló ti dún.

"Graciete! Ṣé òkun lo sè fún wa ni?" Bàbá Zeferino ti gbá ife omi mú.

Ó sáré bá ọkọ rẹ̀. "Ibo lo ti gbé ẹja wa?"

"Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́. Deolinda ní òun gbé e síbẹ̀ kóun tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun wá gbé tòun wọlé."

Deolinda alára yọjú. "Oòrùn ti ń pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé àlejò ńlá lo ní. Kò ṣáà bàjẹ́?"

Bàbá àti ẹbí rẹ̀ dìde, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Deolinda lọ. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá béèrè, bàbá á ní: "Ọ̀dọ̀ Deolinda. Ẹ má yà sí ẹnu ọ̀nà kejì o, àfi tó bá jẹ́ òùngbẹ lẹ̀ ń wá." Kò pẹ́ tí Graciete fi ti ilé oúnjẹ rẹ̀ pa.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíì, ẹ ṣọ́ra fún owú. Ohun tí Graciete ń wá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ojú tó gbé sára ẹnìkejì ni kò jẹ́ kó dì í mú. Ẹ kúrò lójú fèrèsé, ẹ lọ tọ́ ọbẹ̀ yín wò.